Ẹ̀ṣọ́ Wà Lẹ́nu Ọ̀nà, Mo Fi Ẹ̀yìnkùlé Han Kóòṣì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọkọ mi pàápàá kò tíì gbọ́ ọ tán rí. Bí mo bá ti sọ ọ́ dé ìdajì, ẹ̀rín á gbé e ṣubú, á ní kí n fi ìyókù sílẹ̀ di ọ̀la. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ẹ bá mi dé òpin, nítorí ibi tí ẹ̀rín rẹ̀ ti máa ń tán ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Jemeli Tuitoek lorúkọ mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí. Ogún ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílùú Iten, ìlú àwọn eléré ìje lórí òkè, kí n tó di akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń ṣètò eré ìje Etí Òkè. Obìnrin ẹgbẹ̀ta péré ló ń sá eré náà lọ́dọọdún, àwọn tó ń wá eléré ìje lọ sí òkè òkun kì í sì í pa á jẹ. Ọmọbìnrin tí orúkọ rẹ̀ kò bá bọ́ sínú ẹgbẹ̀ta yẹn, ó di àmọ́dún.

Orí ìkànnì wa ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Èmi ni olùtọ́jú ìkànnì náà, mo sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin ojú.

Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn ẹni ibi kan tí a kò mọ̀ títí dòní kọ lù ú. Wọn kò jí nǹkan kan. Wọ́n kàn rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ láti gbogbo ayé pé kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn wa lẹ́ẹ̀kan náà, láìsinmi, títí ẹ̀rọ tí ìkànnì ń gbé inú rẹ̀ fi dákú. Odindi ọjọ́ méjì, kò sí ẹni tó rí orúkọ kọ.

Alága wa, Baba Kimurgor, bá pàṣẹ pé ká gba ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó bá wa mú ẹ̀ṣọ́ wá ni Zablon Wafula, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Kitale, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

"Wafula," ni Baba Kimurgor wí fún un lójú gbogbo wa, "bí ìkànnì yìí bá dúró láti ọjọ́ Ajé tí a ó ṣí ìforúkọsílẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì tí a ó tì í, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta di tìrẹ. Bó bá ṣubú, má wulẹ̀ wá kí mi pé ó dàbọ̀. Màá pe gbogbo ẹgbẹ́ eléré ìje tó wà lórí òkè yìí, màá sì sọ fún wọn."

"Mo gbọ́ yín, Baba."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa, Baba. Ó bímọ lóṣù tó kọjá."

"Ìyẹn ni pé ẹnu mẹ́ta ló rọ̀ mọ́ ìkànnì yìí. Ó dáa. Máa bọ́ wọn."

Lẹ́yìn ìpàdé, Wafula jókòó tì mí, ó fi ìka ya ilé àti ẹnu ọ̀nà sórí tábìlì.

"Tíṣà, ẹ wò ó báyìí. Ẹ̀ṣọ́ yìí kì í ṣe ará ibí. Inú àwọsánmà ni wọ́n ní ó ń gbé, ìyẹn ni pé inú ẹ̀rọ onílé-onílé lókèèrè. Ẹnikẹ́ni tó bá pe orúkọ ìkànnì wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dé. Bó bá jẹ́ èèyàn gidi, á jẹ́ kó kọjá sílé. Bó bá jẹ́ oníjàgídíjàgan, á dá a padà."

"Ilé gan-an ńkọ́?"

"Ilé wà níbi tó wà. Ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà ládùúgbò. Ìkọ̀kọ̀ ni nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n, kò nílò ẹnu ọ̀nà mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló máa gbà. Ẹ̀ṣọ́ wa á wà níwájú, á máa kí èèyàn káàárọ̀, kò ní mọ nǹkan kan."

"Ẹ̀ṣọ́ wo wá nìyẹn?"

"Ẹ̀ṣọ́ dáadáa ni, Tíṣà. Iwájú ni wọ́n gbà á sí."

"Ṣé ẹ̀yìnkùlé ọ̀hún kò ṣeé tì ni?"

"Ó ṣeé tì. Òní gan-an ni mo fẹ́ tì í, kó jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ nìkan ni ilé á máa ṣílẹ̀kùn fún."

Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ pàkúté. Ẹ̀rọ wa tó ń ka àsìkò àwọn eléré ìje, àgbà ẹ̀rọ ni, ẹ̀yìnkùlé yẹn nìkan ló mọ̀. Mo fẹ́ máa dán an wò lọ́sẹ̀ náà, mi ò sì fẹ́ wàhálà kíkọ́ ọ lọ́nà tuntun.

"Fi í sílẹ̀ fún mi títí eré á fi parí," mo wí.

Wafula họrí. "Torí pé ẹ̀yin ni, Tíṣà. Ẹlòmíràn ò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín èmi àti ẹ̀yin ni nọ́ńbà yẹn máa kú sí."

"Ó ti kú," mo ní. "A ti sin ín. Jẹ́ ká lọ mu tíì."

Ọjọ́ Ajé pé. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la ṣí ìforúkọsílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ nípa Kóòṣì Barsosio díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tó gbìyànjú láti sọ mí di eléré ìje. Eré kọ̀ mí, Kóòṣì kò kọ̀ mí. Aago tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú ló kó lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa ka àsìkò àwọn tó lè sáré. Ibẹ̀ ni èmi àti ìṣirò ti pàdé. Kò sí ohun tí ọkùnrin yẹn lè béèrè tí n kò ní fún un, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà ní àgọ́ rẹ̀ lọ́dún náà. Ní àgọ́ yẹn, ohun gbogbo ni wọ́n ń ṣe pọ̀. Ìdájí ni wọ́n ń sáré. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń jókòó ti tíì oníwàrà, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan fóònù kí ife gbogbo ènìyàn tó gbẹ. Ìgbà tí ife gbẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbé fóònù mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, lórí Wáì-fáì kan ṣoṣo, wọ́n sì jùmọ̀ kan ilẹ̀kùn wa.

Ẹ̀ṣọ́ inú àwọsánmà kò mọ tíì. Kò mọ àgọ́. Ohun tó rí ni pé láti ojúlé kan, ọwọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ń gbá ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. Ó ní ogun dé.

Fóònù mi dún.

"Jemeli!"

"Kóòṣì, ẹ káàárọ̀. Ṣé dáadáa la jí?"

"A jí dáadáa kí ìwọ tó bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ fi sẹ́nu ọ̀nà yín?"

"Ẹ̀ṣọ́ ni, Kóòṣì."

"Ajá ni. Ó ń gbó mọ́ àwọn ọmọ mi. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn pé èèyàn ni wọ́n. Jemeli, ọmọ tó sá kìlómítà ogún láàárọ̀ yìí, tó gun òkè, tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ní kó fi hàn pé èèyàn lòun?"

Mo pa ẹ̀rín mọ́ra. "Àwòrán ló máa gbé wá, Kóòṣì. Kí wọ́n kàn fọwọ́ kan èyí tó bá béèrè."

"A rí àwòrán. Ó ní ká fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀rọ omi àwọn panápaná bá wà. Mo gba fóònù, mo wò ó títí, mi ò rí ẹ̀rọ omi kankan. Mo rí nǹkan kúkúrú pupa kan tó dúró létí títì bí ọmọ tí wọ́n lé jáde nílé."

"Òun náà nìyẹn, Kóòṣì."

"Ìyẹn ni ẹ̀rọ omi? Ní Iten níbí, ibo lo ti rí i rí? Ṣebí odò ni àwọn panápaná tiwa ti ń pọnmi, nígbà tí mọ́tò wọn bá tilẹ̀ ní epo."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kóòṣì."

"Nígbà tí a fọwọ́ kan ìyẹn tán, ó gbé kẹ̀kẹ́ wá. Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó kan àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, ó ní a ti pọ̀ jù, ó pa ilẹ̀kùn dé mọ́ gbogbo wa pátápátá. Kò sọ ìgbà tó máa ṣí i."

Mo pe Wafula. Inú ọkọ̀ èrò ló wà, ó ń bọ̀ láti Kitale, ohùn rẹ̀ ń já bí okùn.

"Tíṣà, ẹ fún mi ní wákàtí kan. Kí n ṣáà dé ibi tí mo ti lè ṣí kọ̀ǹpútà. Màá sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé ará ilé ni wọ́n, á gbà wọ́n wọlé."

Mo pe Kóòṣì padà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù wákàtí kan.

"Wákàtí kan? Èèyàn mélòó ló ti wọlé báyìí?"

Mo wo ìkànnì. "Igba lé díẹ̀."

"Àárín ogún ìṣẹ́jú! Olùkọ́ ìṣirò, bá mi ṣírò rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, mélòó ló kù fún àwọn ọmọ mi?"

Mo ti ṣírò rẹ̀.

"Kò burú," ni Kóòṣì wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mo rò pé ìwọ lọ̀gá ẹ̀ṣọ́ yẹn ni. Mi ò mọ̀ pé òun lọ̀gá rẹ. Máa ṣiṣẹ́ rẹ, ọmọ mi."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ká má fi àánú bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àánú àwọn ọmọ yẹn ṣe mí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà lábẹ́ àánú náà, tó dùn ju oyin lọ. Èmi tí n kò lè sáré, èmi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rọ òyìnbó ti ilẹ̀kùn, gbogbo ayé ń kanlẹ̀kùn, èmi nìkan ni mo mọ ọ̀nà mìíràn. Ta ni yóò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lápò tí kò ní fẹ́ yọ ọ́ wò?

"Kóòṣì, ẹ mú nǹkan ìkọ̀wé."

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

Mi ò béèrè irú nǹkan ìkọ̀wé tó jẹ́. Bí mo ṣe lo ogún ọdún nínú kíláàsì tó, kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè.

Mo pe nọ́ńbà ilé ìkànnì wa fún un, nọ́ńbà mẹ́rin tí àmì kéékèèké yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì pè é lẹ́ẹ̀mejì kó má baà ṣì í. "Kí wọ́n tẹ èyí dípò orúkọ ìkànnì. Fóònù máa kìlọ̀ fún wọn pé ọ̀nà yẹn kò dára. Kí wọ́n má dá a lóhùn. Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi han ẹnikẹ́ni o."

"Ta ni mo fẹ́ fi hàn? Àwọn ọmọ mi nìkan."

Àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan jẹ́ èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, mi ò sì kà á.

Kí aago mẹ́wàá tó lù, gbogbo wọn ti wọlé. Lọ́sàn-án, ọlọ́kadà kan gbé akèrègbè mursik wá fún mi láti àgọ́, wàrà kíkan tó dì dáadáa, pẹ̀lú iṣẹ́ tí Kóòṣì rán: "Ẹ sọ fún Jemeli pé òun lọ̀gá ẹ̀ṣọ́." Mo mu ún láìbù fún ẹnikẹ́ni.

Wafula pè. "Tíṣà, mo ti dé. Kí lorúkọ àgọ́ yẹn, kí n fi wọ́n sórí ìwé àwọn ará ilé?"

"Má ṣèyọnu. Wọ́n ti rí ọ̀nà wọlé."

"Báwo?"

"Wọ́n ní sùúrù."

Irọ́ kékeré nìyẹn. Irọ́ kékeré a máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ wọ́ọ́rọ́wọ́; ìkánjú ọjọ́ Ajé ti rọlẹ̀, orúkọ wá ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn aago mẹ́wàá, ìkànnì bẹ̀rẹ̀ sí fà bí ẹni tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù lórí. Nígbà tó di ọ̀sán, ó dákú. Orúkọ ọgọ́jọ ló ṣì kù tí kò tíì wọlé.

Mo sáré ṣí ojúewé tí ẹ̀ṣọ́ ti máa ń jábọ̀ fún wa. Àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀, ó tutù, ó dára. Ó ní àlàáfíà ni. Ilé ń jó, ẹ̀ṣọ́ ní àlàáfíà ni!

Wafula pè mí, ohùn rẹ̀ rọra ń bọ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí àfọ́kù ìgò. Ó ní, "Tíṣà, èèyàn mẹ́tàdínlógún ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́, gbogbo wọn ló jókòó jẹ́ẹ́. Kò sí ìjà kankan níwájú."

"Ilé ti dákú, Wafula."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tíṣà, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ẹ sọ nọ́ńbà yẹn fún ẹnikẹ́ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ní ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́ta. Mo rí Baba Kimurgor lọ́kàn mi. Mo rí akèrègbè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó ti ṣófo.

"Rárá," mo ní.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ní sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo béèrè."

Òun ló ń bẹ̀ mí!

Ó ti ẹ̀yìnkùlé lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àwọn ẹ̀rọ ẹni ibi ti mọ ilé, wọ́n ti kún òpópónà tó lọ síbẹ̀. Bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ wà ní títì, ẹni rere kò rọ́nà gbà dé ibẹ̀. Àfi kí ilé kó lọ sí ojúlé mìíràn, kó gba nọ́ńbà tuntun. Àwọn tó ni ẹ̀rọ náà ní Nairobi ní ìyẹn di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí gan-an.

Baba Kimurgor pe Wafula lórí fóònù níwájú mi. Mi ò ní tún ohun tó sọ sọ níbí, nítorí àwọn ọmọdé ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Ní Ọjọ́bọ̀, Wafula tún pè mí.

"Tíṣà, mo rò pé mo ti rí i. Létà tí ìkànnì máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, inú ilé gan-an ló ti ń jáde, kì í gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ kọjá. Ẹni tó bá tú ẹ̀yìn létà yẹn wò dáadáa lè rí nọ́ńbà ilé níbẹ̀. Èmi ni mo gbàgbé láti bò ó. Ẹ̀bi mi ni. Màá sọ fún Baba lọ́la."

Ẹ rí i bí ẹ̀ṣọ́ náà ṣe rí: ihò pọ̀ lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí olóòótọ́ ènìyàn fi lè rí ihò kan tí yóò fi di ẹ̀bi ru ara rẹ̀. Ohun tó yẹ kí n sọ wà ní ètè mi. Kàkà kí n sọ ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó jáde:

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Aago mẹ́wàá ọjọ́ Ẹtì la pé jọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Baba Kimurgor wà lórí àga, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Wafula jókòó lódìkejì pẹ̀lú báàgì kọ̀ǹpútà lórí itan. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́rin wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa mi orí sí ohun tí Baba bá sọ. Ìwé kan wà lórí tábìlì. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, torí èmi akọ̀wé ni mo tẹ̀ ẹ́: iṣẹ́ Wafula parí, láti ọjọ́ òní lọ.

Wọ́n gbé tíì wá, àti mandazi, àkàrà ìyẹ̀fun tí wọ́n dín sínú òróró.

"Ká tó sọ̀rọ̀ ìbànújẹ́," ni Baba wí, ó ń wá awò ojú rẹ̀, "ẹ jẹ́ n fi nǹkan pa yín lẹ́rìn-ín. Àbúrò mi tó wà ní Boston ló fi ránṣẹ́. Ẹ wo pátákó Barsosio!"

Ó gbé fóònù sókè. Pátákó dúdú tó wà lára ògiri àgọ́ ni, èyí tí Kóòṣì máa ń fi ẹfun kọ eré ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí. Obìnrin òyìnbó kan tó wá bá àwọn ọmọ náà sáré ló ya àwòrán rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé e sójú ayé, ó ní ẹ wá wo ọgbọ́n àwọn ará Iten.

"Lókè, ó kọ eré ọjọ́ náà: kìlómítà kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ìyẹn yé wa. Nísàlẹ̀, ó kọ nọ́ńbà mẹ́rin. Àwọn òyìnbó ń jà lé e lórí! Ọ̀kan ní bí ọkàn ṣe gbọ́dọ̀ lù nìyẹn. Òmíràn ní ìsinmi ni. Ọkùnrin kan ní Belgium ti fi sáré, orí ibùsùn ló wà títí di báyìí."

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín, tíì ta sílẹ̀. Mo dá mandazi ọwọ́ mi padà sínú àwo.

"Jemeli, o ò rẹ́rìn-ín? Orúkọ rẹ wà níbẹ̀ mà! Kiswahili ló fi kọ ọ́, kò yé wọn. Ó ní: 'Ọ̀nà fún ẹni tí ẹnu ọ̀nà bá ń yọ lẹ́nu. Ọwọ́ Tíṣà Jemeli ló ti wá. Ọlọ́run bù kún un.' Ṣé ìwọ náà ti di kóòṣì ni?"

Ó sì ka àwọn nọ́ńbà náà sókè, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ka orúkọ ọmọ nílé ìwé.

Ní nọ́ńbà kejì, ife Wafula dúró láàárín ọ̀nà ẹnu rẹ̀. Ní ẹ̀kẹrin, ó rọra gbé e kalẹ̀. Ó wò mí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ìbá ṣe pé ìbínú ni mo rí lójú rẹ̀, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe sí i. Kò bínú. Ó kàn ń dúró.

"Ẹ̀rín tó," ni Baba wí, ó pa fóònù dé. "Wafula, ọjọ́ mẹ́ta. Kí lo rí?"

Wafula wo inú ife rẹ̀. "Baba, àṣìṣe kan ló wà níbẹ̀."

"Àṣìṣe ta ni?"

Ó yí ife náà lórí tábìlì. "Mo ṣì ń wádìí rẹ̀, Baba."

"O ṣì ń wádìí! Ìyàwó tó ń tọ́ ọmọ ọwọ́ kò ní jẹ ìwádìí. Ọmọkùnrin, mo kìlọ̀ fún ọ. Ìwé rèé. Buwọ́ lù ú, kí o máa lọ ní àlàáfíà."

Wafula mú kálámù. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù tí ì bá sọ. Orúkọ mi ṣì wà nínú yàrá yẹn bí òórùn mandazi, kó kàn nawọ́ sí i ni. Kò sọ ọ́. Ó ṣí ìdérí kálámù. Ó fi ìka wá ibi tí wọ́n ń buwọ́ lù.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Àga mi ló dún lẹ́yìn mi, tó ṣubú.

"Baba, nọ́ńbà tí ẹ kà yẹn kì í ṣe ti eré ìje."

"Ti kí ni?"

"Ti ilé ìkànnì wa ni. Èmi ni mo fún Kóòṣì ní ọjọ́ Ajé. Wafula ní kí n má sọ ọ́, mo sọ ọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ mi, mo ní rárá. Ó fẹ́ gba ẹ̀bi, mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Àwọn mẹ́rin tó ń mi orí dáwọ́ dúró. Baba Kimurgor wo fóònù, ó wò mí, ó yí sí Wafula.

"Ìwọ mọ̀?"

"Nọ́ńbà kejì tí ẹ kà ni mo mọ̀, Baba."

"O sì fẹ́ buwọ́ lùwé?"

"Tíṣà ló ni ọ̀rọ̀ náà, Baba. Mo ní kí n fi sílẹ̀ fún wọn."

Baba bọ́ awò ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló fa ìwé yẹn sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ya á sí méjì, ó tún ya á sí mẹ́rin.

"Jemeli," ó ní, "ogún ọdún lo fi ń fa etí àwọn ọmọ tó bá parọ́. Ta ni ká wá ní kó fa tìrẹ báyìí?"

"Ẹ fà á, Baba."

"Fífa etí rẹ kò ní mú ọgọ́jọ orúkọ wá fún mi. Ìforúkọsílẹ̀ di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Gbogbo àgọ́ tí ọmọ wọn kò tíì rí orúkọ kọ, ìwọ lo máa fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Kì í ṣe fóònù, ẹsẹ̀. O máa sọ fún wọn ìdí tí ìkànnì fi dákú. Má fi Ọlọ́run kún un, má fi ẹ̀ṣọ́ kún un. Orúkọ rẹ ni kí o fi sí i."

Mo ṣe é. Àgọ́ mọ́kànlá ni. Ní àgọ́ karùn-ún, àwọn ọmọ ti gbọ́ kí n tó dé, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi hàn pé èèyàn ni mí.

Kóòṣì Barsosio pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà. "Jemeli, wọ́n ní àṣírí ni nọ́ńbà yẹn. Ṣé kò yẹ kí o sọ fún mi?"

"Mo sọ, Kóòṣì. Mo ní kí ẹ má fi han ẹnikẹ́ni."

"Èmi ò fi han ẹnikẹ́ni. Ara pátákó ni mo kọ ọ́ sí. Àgọ́ yìí, ibo la tún ń kọ nǹkan sí?"

Kí ni n óò wí? Ọkùnrin náà kò jẹ̀bi. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe ohun gbogbo pọ̀ kọ́ ni èèyàn ń gbé ohun ìkọ̀kọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n padà sí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Mo bá Wafula níta, ó ń dúró de ọkọ̀ tó ń lọ sí Eldoret. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ti di tirẹ̀, Baba ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí mo tò jọ, orí rẹ̀ kò mọ ìdí rẹ̀ mọ́.

"Wafula, nọ́ńbà yẹn..."

"Nọ́ńbà kọ́, Tíṣà. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni wọ́n máa bá mi pààrọ̀ nọ́ńbà, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "'Rárá' tí ẹ sọ fún mi lórí fóònù ni mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn pààrọ̀ rẹ̀."

Ọkọ̀ dé, ó wọlé, ó ṣì juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé.

A ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọdé rẹ̀ ti ń rìn. Ó máa ń pè mí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kì í sì í mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Bó bá kí mi tán, ó kàn máa ń béèrè pé, "Tíṣà, ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Mo máa ń dìde lórí àga. Mo máa ń ṣílẹ̀kùn, mo máa ń na ọwọ́ mi jáde, mo máa ń dúró níbẹ̀ díẹ̀, kí n tó dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá.